Ọgbà Ahun Láàárín Ìgboro Ìbàdàn

Ilé tí wọ́n ń kọ́ sí Bódìjà àti Ring Road lóde òní, bí géètì bá ti ṣí, íńtálọ́ọ̀kù lẹsẹ̀ kọ́kọ́ ń tẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, erùpẹ̀ ò yọjú. Ó mọ́ lójú, táyà mọ́tò kì í rì, koríko kì í hù. Inú irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn ti ń sin ahun, lórí sìmẹ́ńtì tó ń gbóná bí ààrò lọ́sàn-án, níbi tí ẹran náà ò ti ní ibòmíràn tó lè sá sí ju abẹ́ mọ́tò lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ahun pẹ́ lọ́wọ́ òun, iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni kó hú íńtálọ́ọ̀kù apá kan kúrò. Ilẹ̀ ni ahun fi ń ṣe gbogbo nǹkan: ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń sá òtútù àti oòrùn sí, ibẹ̀ ló ń yé sí. Mo gbà pé kò sí ohun mìíràn tí èèyàn lè rà fún un tó lè dípò rẹ̀.

Kí a tó to búlọ́ọ̀kù kankan, ká kọ́kọ́ mọ irú ahun tó wà lọ́wọ́ wa. Ahun ilẹ̀ wa, èyí tí ọdẹ ń bá pàdé nínú igbó, ni àwọn onímọ̀ ẹranko ń pè ní Kinixys. Kò tóbi, ìkarahun rẹ̀ kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, àwọ̀ ewé gbígbẹ ló sì ní, débi pé èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ìràwé láì mọ̀. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Lápá ìsàlẹ̀, ìlà kan wà tó gba ọ̀tún dé òsì. Ibẹ̀ ni ìkarahun náà ti ń ṣẹ́ wálẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn, á fa ẹsẹ̀ àti ìrù wọlé, apá ìsàlẹ̀ yẹn á rọra sọ̀ kalẹ̀, á sì pa dé mọ́ wọn pinpin. Kò sí ẹ̀yà ahun mìíràn láyé tí ìkarahun ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣẹ́ báyìí. Ọmọ rẹ̀ kéékèèké ò tíì ní ìlà náà. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà ló ń yọ. Àwọn baba wa tó ń pàlọ́ sọ pé ẹ̀yìn ìjàpá fọ́, wọ́n sì tò ó pọ̀. Ẹni tó bá ti rí ìlà yìí rí kò ní bá wọn jiyàn.

Èkejì ni èyí tí wọ́n bá gbé wá láti Òkè Ọya, ahun etí aṣálẹ̀ Sàhárà, Centrochelys sulcata. Ibùgbé rẹ̀ ni ilẹ̀ gbígbẹ láti Senegal àti Mali títí dé Sudan. Yàtọ̀ sí àwọn òmìrán ahun erékùṣù Galápagos àti Aldabra, kò sí ahun tó tóbi tó o. Nígbà tí wọ́n ń tà á, ó lè má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí akọ bá dàgbà tán, ó lè wọn 100 kílò, á sì máa ti ilẹ̀kùn pákó ṣubú. Ti igbó ń fẹ́ ibòji àti ilẹ̀ tútù, ó ń jẹ olú, ekòló, ìgbín àti èso tó bá já bọ́. Ti aṣálẹ̀ ń fẹ́ oòrùn àti ilẹ̀ gbígbẹ, koríko sì ni oúnjẹ rẹ̀ tòótọ́. Ọgbà kan ò lè gba àwọn méjèèjì.

Ahun tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Alágba, tó gbé ààfin Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó kú ní oṣù October 2019, ààfin kéde pé ọdún 344 ló lò láyé. Àwọn onímọ̀ ò gbà bẹ́ẹ̀, torí Jonathan, ahun erékùṣù Saint Helena tí wọ́n ṣírò pé wọ́n bí ní nǹkan bí 1832, ni wọ́n kà sí àgbà gbogbo ahun tó wà láàyè. Ní tèmi, iye ọdún kọ́ ló wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ Alágba. Ohun tó wù mí ni pé ó ní àyè tirẹ̀ láàfin, ó sì ní àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa bójú tó o. Ahun tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè sin ọmọ àti ọmọọmọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé e wálé.

Ó yá, ká mọ ọgbà. Ibi tí oòrùn àárọ̀ ń tàn sí, tí ibòji ń dé lọ́sàn-án, ni kí a yàn. Ẹ má ṣe fi sí ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú àgbàlá. Ìbàdàn tó rí omíyalé odò Ọ̀gùnpa ní 1980, tó tún rí ti August 2011, kò nílò àlàyé lórí ohun tí òjò lè ṣe. Ẹ fi ihò sílẹ̀ nísàlẹ̀ ògiri kí omi lè máa jáde, kí ẹ fi irin dínà ihò náà kí ahun má bàa gba ibẹ̀ lọ.

Ògiri ọ̀hún, búlọ́ọ̀kù ni kó jẹ́, kì í ṣe nẹ́ẹ̀tì onírin. Ohun tí ahun bá rí lódìkejì ló fẹ́ dé. Bó bá ń rí ìta láti ojú nẹ́ẹ̀tì, á máa rìn létí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, á máa fi orí gbá a, títí imú rẹ̀ á fi bó. Bí kò bá rí nǹkan kan, á gbà pé ibẹ̀ layé parí sí. Fún ahun igbó, ẹsẹ̀ bàtà 2 lókè ilẹ̀ àti 1 nísàlẹ̀ tó. Ti aṣálẹ̀ ń gbẹ́ ilẹ̀ gan-an. Ihò rẹ̀ lè gùn ju mítà 3 lọ, nítorí náà ìpìlẹ̀ ògiri rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ dáadáa. Ẹ ṣọ́ igun ògiri. Ibẹ̀ ni ahun ti ń gùn, á fẹsẹ̀ ti ọ̀tún, á fẹsẹ̀ ti òsì, á sì gòkè díẹ̀díẹ̀, títí á fi já bọ́ síta tàbí kó dojú dé. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ bo igun kọ̀ọ̀kan lókè.

Nínú ọgbà, ìkòkò amọ̀ ńlá tó ti là sí méjì, tí a dojú rẹ̀ dé tí a sì rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀, sàn ju ilé onípáànù lọ, torí páànù á sọ inú ilé náà di iná lọ́sàn-án. Ẹ da ìràwé síbẹ̀ kó nípọn. Bí igi ìyeyè bá wà nítòsí, ó dára púpọ̀ fún ahun igbó: ibòji ni, ìràwé ni, èso rẹ̀ tó ń já bọ́ nígbà òjò sì tún jẹ́ oúnjẹ. Omi ní láti wà nínú àwo pẹlẹbẹ tí kò jìn kọjá àgbọ̀n rẹ̀, kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Koóko, ewé ọ̀dùnkún àti hibiscus dára láti gbìn. Oleander àti dieffenbachia tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé, májèlé ni. Ẹ hú wọn. Búrẹ́dì, ẹ̀bà àti ìrẹsì tó ṣẹ́ kù lálẹ́ kì í ṣe oúnjẹ ahun rárá. Lọ́yẹ́, ẹ máa wọ́n omi sí ìràwé ahun igbó, torí ọ̀gbẹlẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu ju òtútù lọ.

Ọ̀tá tó pọ̀ jù ni ajá ilé. Ajá tó ti ń bá ahun gbé láti ọjọ́ pípẹ́ lè jí lọ́jọ́ kan kó máa rún ìkarahun rẹ̀ bó ṣe ń rún eegun. Àgílíńtí àti ọ̀kẹ́tẹ́ ń wá ẹyin àti ọmọ, nítorí náà ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo orí ibi tí àwọn kéékèèké wà. Èyí tí ń bà mí lẹ́rù jù ni ìjàlọ. Nínú igbó, ahun lè kúrò lọ́nà wọn; nínú ọgbà, ògiri tí a mọ láti dáàbò bò ó ló ń dá a dúró fún wọn. Ẹ máa ro ẹ̀yìn ògiri mọ́, kí ẹ ta eérú yí i ká. Bí ìjàlọ bá dé lóòótọ́, ẹ gbé ahun kúrò títí wọn á fi kọjá. Lẹ́yìn náà ni olè. Ahun ń bọ́ sínú ẹbọ àti oògùn, ó sì níye lórí lọ́jà Bodè níbi tí wọ́n ti ń ta èròjà oògùn, nítorí náà àgádágodo gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Akọ méjì náà ò gbọdọ̀ gbé pọ̀: ọ̀kan á dojú èkejì dé, èyí tó bá dojú dé nínú oòrùn kì í pẹ́ kú.

Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọwọ́ bí wọ́n bá ti gbé e tán. Láti 1975 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin de títa ìjàpá tí ìkarahun rẹ̀ kò gùn tó íǹṣì 4, torí àwọn ọmọdé ń kó àrùn Salmonella lára wọn. Bí imú ahun bá ń ṣomi tàbí ojú rẹ̀ wú, ilé ìwòsàn ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn adìẹ. Bí ahun aṣálẹ̀ bá sì ti tóbi jù fún àgbàlá yín, ẹ wá ẹni tó ní ilẹ̀ tó tó o. Ẹ má jù ú sínú igbó ẹ̀yìn ìlú, torí ilẹ̀ ibẹ̀ tutù jù fún un.

Àwọn tó ń gbé yàrá kan ní Àgbowó ń béèrè bóyá wọ́n lè fi ahun sínú páálí lẹ́bàá fèrèsé. Oòrùn tó ń gba inú gíláàsì wọlé kò ní ìtànṣán tó ń mú ìkarahun le nínú, ahun bẹ́ẹ̀ á sì máa rọ̀ láti inú wá. Kí wọ́n dúró di ìgbà tí wọ́n bá ní ilẹ̀. Títí dìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ wo ẹranko, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, tó ti wà láti 1948, kò ju òdìkejì títì wọn lọ.