Àánú Nìkan Kò Tó

Ohun rere ni láti ṣàánú fún aláìní. Ìwé Mímọ́ fi kọ́ wa, àwọn baba wa pẹ̀lú sì fi kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: bí ilé kan bá dàrú, tí baálé ń mutí, tí ìyàwó ń sunkún, tí ebi sì ń pa àwọn ọmọ, ǹjẹ́ àánú nìkan tó láti tún un ṣe? Owó tí a fún wọn lónìí lè di owó ọtí lọ́la. Bí a bá sì fi ìwàǹwára gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, a lè tú ilé tí ìbá dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gba ọkàn obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, tí à ń pè ní Mary Richmond. Ní 1861 ni a bí i. Ọmọ òrukàn ni, ìyá rẹ̀ àgbà ni ó sì tọ́ ọ dàgbà ní Baltimore. Òun tìkára rẹ̀ kò lọ sí yunifásítì. Ní 1889 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ tí ń ran àwọn tálákà lọ́wọ́ ní ìlú náà. Nígbà tí ó di 1897, ó dìde níwájú àpéjọ kan ní Toronto, ó ní ó yẹ kí a dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1898, ẹgbẹ́ irú tirẹ̀ ní New York bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà ní ìgbà ooru. Láti inú irúgbìn kékeré yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wẹlifíà ní Yunifásítì Columbia ti hù jáde.

Kò rọrùn fún wọn. Ní 1915, Abraham Flexner sọ ní gbangba pé iṣẹ́ náà kò tí ì tó ohun tí a lè kà mọ́ iṣẹ́ dókítà àti ti lọ́yà. Ní 1917, Mary Richmond tẹ ìwé ńlá kan jáde, tí ó pè ní Social Diagnosis, ó sì fi hàn níbẹ̀ bí a ti ń wádìí lẹ́nu ẹbí, olùkọ́, dókítà àti ọ̀gá ibi iṣẹ́, kí a tó sọ pé báyìí ni ọ̀ràn ti rí. Àwọn àgbà wa ti wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Nígbà náà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀ funfun ní Gúúsù Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà ni a ṣe dá ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ ní Atlanta ní 1920, kí àwọn náà lè ní òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́.

Lónìí, lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà gba oyè Másítà ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe nínú ìwé nìkan. Ó kéré tán, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lo wákàtí 900 ní ilé ìwòsàn, ní ilé-ẹ̀kọ́, ní kóòtù tàbí láàrin àwọn arúgbó, lábẹ́ ojú ẹni tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́. Yóò kọ ohun tí ó gbọ́ àti ohun tí ó ṣe sílẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ṣì í sọ, níbẹ̀ ni a ó ti tọ́ ọ sọ́nà, kí àṣìṣe rẹ̀ má baà di ẹkún nínú ilé onílé.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní iṣẹ́ àbójútó aláìní ni ọkàn òun fẹ́, ẹ má ṣe wí fún un pé ọkàn rere ti tó. A kì í fi ọ̀bẹ lé ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ kí ó ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹ jẹ́ kí ó lọ kọ́ ọ.