Bí Aláìsàn Bá Ń Lọ sí Íńdíà

Ọ̀nà Íńdíà jìn. Síbẹ̀, lọ́dọọdún ni àwọn aláìsàn ń ti Nàìjíríà lọ wá ìwòsàn níbẹ̀. Kíndìnrín ni ó ń da púpọ̀ nínú wọn láàmú.

Kí ni kíndìnrín ń ṣe? Òun ni ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí ó ń kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ sínú ìtọ̀. Méjì ni a ní. Bí méjèèjì bá bàjẹ́, ẹ̀rọ ni yóò máa fọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, àbí kí wọ́n fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí i lára. Ẹni tí ara rẹ̀ dá lè fún èèyàn rẹ̀ ní ọ̀kan, kí ó máa fi èkejì gbé ayé.

Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ní ilé wa náà. Ní ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ní ilé ìwòsàn Saint Nicholas ní Èkó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ lọ sí Íńdíà, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun mẹ́rin fún yín.

Èkíní ni ìwé. Físà aláìsàn yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń lọ ṣeré. Ẹni méjì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó lè gba físà láti tẹ̀lé e. Ẹ kó ìwé dókítà ilé àti èsì àyẹ̀wò dání. Dókítà ọ̀hún kò mọ̀ yín rí. Ìwé yẹn ni yóò bá a sọ̀rọ̀.

Èkejì ni èdè. Àwọn dókítà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Tamil ni ará ìta ń sọ ní Chennai, Hindi sì ni ti Delhi. Oúnjẹ wa ṣọ̀wọ́n, ilé a sì máa sọ aláìsàn. Ẹ mú ẹni tó mọ̀wé dáadáa lọ. Ẹ má tẹ̀ka sí ìwé tí ẹ kò tíì kà, tí wọn kò sì tíì túmọ̀ fún yín.

Ẹ̀kẹta ni òfin. Òfin Íńdíà ti ọdún 1994 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ta kíndìnrín, òfin wa ti ọdún 2014 kò sì gbà á. Ìgbìmọ̀ kan yóò yẹ ọ̀rọ̀ àlejò wò kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Bí alárinà kan bá ní òun mọ ẹni tí yóò tà á, ẹ sá fún un. Ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù rán ará Nàìjíríà mẹ́ta lọ sẹ́wọ̀n, nítorí wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Èkó lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè gba kíndìnrín rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ó ń pa ènìyàn jù. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ìtọ́jú kò parí ní Íńdíà. Ojoojúmọ́ ni aláìsàn yóò máa lo oògùn, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí owó oògùn bá tán tí ó dáwọ́ dúró, ara rẹ̀ yóò kọ kíndìnrín náà, gbogbo ìnáwó á sì di asán.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ béèrè: Èló ni oògùn oṣù kan? Níbo ni a ó ti máa rà á? Dókítà wo ni yóò máa wò wá bí a bá dé? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ẹ sì fi í pamọ́. Owó oògùn ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, kí ẹ tó san owó ọkọ̀ òfurufú.