Ohun tí Ìtọ̀ Ń Sọ nípa Kíndìnrín Alátọ̀gbẹ
Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ máa ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú kíndìnrín jẹ́ láìsí ìrora, débi pé ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í fura títí ẹsẹ̀ yóò fi máa wú. Ìtọ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí náà. Kíndìnrín tó dá ṣáṣá dà bí asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré, tí kì í jẹ́ kí albumin, èyí tí í ṣe purotéènì tó pọ̀ jù lọ nínú omi ẹ̀jẹ̀, jò sínú ìtọ̀ ju bíńtín lọ. Nítorí pé omi mímu lè mú kí ìtọ̀ ṣàn, àwọn onímọ̀ a máa fi albumin wé creatinine, ìdọ̀tí tí iṣan ara ń tú jáde ní ìwọ̀n tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí albumin kò bá tó miligíráàmù 30 sí gíráàmù creatinine kan, a kà á sí déédéé. Bí ó bá ju 300 lọ, ọ̀rọ̀ ti le. Àmọ́ àyẹ̀wò ẹyọ kan kò tó ṣe ìdájọ́, torí pé ibà tàbí eré ìdárayá líle lè gbé e sókè.