Ìdí tí Iná Ófùnù Fi Ń Kú Bí Ẹ Bá Tètè Yọwọ́

Ẹ ti bọ makaróòní, ẹ ti fi ata àti àlùbọ́sà din ẹran lílọ̀, ẹ ti pò wọ́n pọ̀ sínú páànù. Ẹ tẹ bọ́tìnì ófùnù mọ́lẹ̀, ẹ yí i, ẹ ṣá ìṣáná sí i, iná ràn. Ẹ yọwọ́, iná kú. Ẹ tún un ṣe, ó tún kú. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ pé ófùnù ti bàjẹ́, tí wọ́n á sì da oúnjẹ padà sínú ìkòkò. Kò bàjẹ́ o. Ẹ̀mí yín ló ń ṣọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ojú iná. Irin tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tó na orí sínú iná. Oríṣi irin méjì ni wọ́n jó mọ́ra wọn lórí rẹ̀. Bí orí yẹn bá gbóná tí ìdí rẹ̀ sì tutù, iná mànàmáná bíńtín á máa sàn nínú rẹ̀. Kò lè tan gílóòbù, ṣùgbọ́n ó tó láti sọ irin kékeré kan di mágínẹ́ẹ̀tì tí kò ní jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà gáàsì padé. Kí irin yẹn tó gbóná, ọwọ́ yín tó tẹ bọ́tìnì ló ń ṣí ọ̀nà náà sílẹ̀. Nítorí náà, bí iná bá ti ràn, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ rọra ka oókan dé ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó yọwọ́. Bí atẹ́gùn bá wá pa iná nígbà tí ẹ ti lọ jókòó ní pálọ̀, irin á tutù, mágínẹ́ẹ̀tì á tú ọwọ́, gáàsì á dá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà kí oníṣẹ́ kankan yọ irin yìí dànù nítorí pé ó ń dá yín dúró.

Olùṣọ́ kejì ni tẹmọ́sítáàtì. Nínú ọ̀pọ̀ ófùnù gáàsì, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni, omi òróró kan wà nínú rẹ̀. Bí inú ófùnù bá ti ń gbóná dé 180°C tí ẹ yí i sí, òróró náà á fẹ̀, á ti ẹnu ọ̀nà gáàsì, iná á wálẹ̀. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn yojú, ooru á jáde, òróró á súnkì, iná á tún ròkè. Ẹni tó ń yojú ní ìṣẹ́jú méjì-méjì ń jẹ gáàsì lásán ni.

Kí ló dé tí a kọ́kọ́ ń din ẹran kó tó wọ ófùnù? Atẹ́gùn kì í tètè gbé ooru wọ nǹkan. Ẹ lè na ọwọ́ sínú ófùnù tó wà ní 180 fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó má jó yín. Ẹ fi kan irin inú rẹ̀, ẹ ó kígbe. Iná orí sítóòfù ló yẹ kó se ẹran jinná, kó sì gbẹ omi ara rẹ̀. Makaróòní náà, ẹ sọ̀ ọ́ nígbà tó kù bí ìṣẹ́jú méjì kó rọ̀, torí yóò ṣì mu ọbẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà nínú oúnjẹ, kì í gbóná ju 100 lọ. Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi ń rọ̀. Òkè tó bá gbẹ ló ń kọjá 140, tó ń pọ́n, tó ń ta sánsán. Louis-Camille Maillard, ará Faransé, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1912. Nítorí náà, ẹ fi fóìlì bo oúnjẹ náà fún ogún ìṣẹ́jú kí oru má jáde, kí ẹ wá ṣí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ṣíìsì tí wọ́n máa ń fi sí i lórí bá wọ́n jù, ẹ lu ẹyin méjì, kí ẹ dà á sí i lórí. Yóò dì, yóò sì pọ́n dáadáa.

Ẹ jẹ́ kó sinmi kí ẹ tó fọ̀bẹ gé e. Ọbẹ̀ á fà mọ́ra, ègé kọ̀ọ̀kan á sì dúró lórí abọ́ láìtú.