Kí Ẹgbẹ́ Tó Ra Gbohùngbohùn

Ní Elavagnon, olú ìlú ìpínlẹ̀ Est-Mono, àti káàkiri agbègbè Atakpamé, ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìpàdé ńlá kì í sábà wáyé láìsí gbohùngbohùn. Owó tí ẹgbẹ́ fi ń ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kó o jọ. Bí ẹ̀rọ náà kò bá dára, owó gbogbo ènìyàn ló ṣòfò. Kí ni kí olùrà gbà gbọ́: ṣé nọ́ńbà tí a kọ sára páálí ni, tàbí etí ara rẹ̀?

Nọ́ńbà wúlò fún ẹni tó mọ ohun tí ó ń sọ. Wátì ń sọ iye agbára iná tí ẹ̀rọ lè gbà. Kò sọ bí ohùn yóò ti mọ́ gaara tó. Ẹni tó rí 200 wátì lè rò pé ohùn rẹ̀ yóò jẹ́ ìlọ́po méjì ti 100 wátì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi agbára iná kún ti ẹ̀rọ kan náà ní ìlọ́po méjì, dẹ̀síbẹ̀lì 3 péré ni ohùn yóò fi ga sí i. Kí etí tó gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì, agbára náà ní láti tó ìlọ́po 10. Bí lẹ́tà PMPO bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ńlá, kí olùrà ṣọ́ra: kò sí ìlànà kan tí gbogbo ayé fi ń wọn èyí.

Ṣùgbọ́n etí pẹ̀lú ń tan ènìyàn jẹ. Nínú ẹ̀rọ méjì, èyí tí ohùn rẹ̀ ga díẹ̀ ju èkejì lọ ni etí sábà máa ń yàn. Ojú náà ń dá sí ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1994, àwọn onímọ̀ méjì, Floyd Toole àti Sean Olive, gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn gbọ́ oríṣìíríṣìí gbohùngbohùn, kí wọ́n fún wọn ní máàkì. Máàkì tí wọ́n fún ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n ń rí i yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fún un nígbà tí wọn kò rí i.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí nọ́ńbà ara páálí kò lè ṣe. Níbi ìgbéyàwó, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá sọ pé “ìfẹ́”, tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn gbọ́ “ìṣẹ́”, ẹ̀rọ náà ti kùnà, iye wátì yòówù kí ó ní.

Ní ti ariwo, ìwọ̀n ló yẹ kí a gbọ́ràn sí lẹ́nu, nítorí pé ariwo máa ń mọ́ etí lára, bẹ́ẹ̀ ni ó ń bà á jẹ́. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ìpíndọ́gba ariwo ibi àríyá má ju 100 dẹ̀síbẹ̀lì lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹgbẹ́ bá rán lọ sọ́jà, ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo orin kan náà fún ẹ̀rọ méjèèjì, kí ohùn wọn ga bákan náà. Kí ẹnì kan kọ ẹ̀yìn sí wọn, kí ó gbọ́, kí ó yàn. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kí àwọn yòókù dúró lókèèrè. Bí wọ́n bá gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yékéyéké, ẹ lè sanwó.