Ìpìlẹ̀ Olókùúta fún Ilé Ìkẹ́rù Onípákó

Púpọ̀ nínú wa ló ń fi owó àyálò ẹgbẹ́ kan ilé onípákó kékeré sẹ́yìnkùlé, láti máa kó àgbàdo, ẹ̀wà àti gàrí sí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e kalẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán, kò ní pẹ́ tí pákó ìsàlẹ̀ á fi máa jẹrà, ilẹ̀kùn ò ní í pa dé mọ́, ọjà inú àpò á sì bu. Gbèsè ò mọ̀ pé ọjà ti bàjẹ́. A ó ṣì máa san án lóṣooṣù. Òkúta wẹ́wẹ́ ló lè gbà wá, nítorí omi kì í dúró láàárín rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí:

1. Ẹ yan ibi tí àgbàrá kì í gbà. Bí ilé bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 10, kí ìpìlẹ̀ jẹ́ 10 sí 12. Ẹ kan èèkàn mẹ́rin, ẹ ta okùn, kí ẹ sì fi téèpù wọn ọ̀nà méjèèjì láti igun dé igun. Wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 15 àti íńṣì 7 àbọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé á wọ́.

2. Ẹ ha erùpẹ̀ òkè àti gbòǹgbò kúrò, bí íńṣì 3. Níbi tí ilẹ̀ bá ti da gẹ̀rẹ́, apá òkè ni kí ẹ gbẹ́ wálẹ̀. Ẹ má fi erùpẹ̀ rírọ̀ kún apá ìsàlẹ̀; yóò rì. Ẹ wọ́n omi díẹ̀, ẹ gún ilẹ̀ náà kó ki.

3. Ojú lásán ò ṣeé fi mọ ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ bu omi sínú rọ́bà tí a ń rí inú rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má sí nínú rẹ̀. Ẹ gbé ẹnu kan ti èèkàn kan, ẹnu kejì ti èkejì. Ibi tí omi dúró sí lẹ́nu méjèèjì, ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹ sàmì síbẹ̀, kí ẹ so okùn mọ́ ọn.

4. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù yí i ká kí òkúta má tú. Gíránáìtì fífọ́ ni kí ẹ rà, torí igun rẹ̀ ń di ara wọn mú. Òkúta odò a máa yí. Ẹ da íńṣì 2, ẹ gún un, kí ẹ tó da íńṣì 2 yòókù. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2 ló máa gbà. Kí ojú rẹ̀ ga ju ilẹ̀ àyíká lọ, kí ẹ sì la gọ́tà kékeré sí apá ìsàlẹ̀.

Òkúta ò lè dá ikán dúró o! Ẹ to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ igi ilé kí ẹ lè máa yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Bí ikán bá ti mọ ọ̀nà gòkè, ẹ ha á dànù kíá.

Ẹni tó bá ń bọ̀ wá tọrọ owó ilé ìkẹ́rù, kó ka owó òkúta mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́