Irin tó já láti ojú ọ̀run pàápàá ń dípẹtà

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ wo ọkọ́ tí ẹ lò lọ́dún tó kọjá. Ṣé ara rẹ̀ ti pọ́n, tó sì ń ṣí bí èèpo igi? Ìpẹtà nìyẹn. Kì í ṣe ọkọ́ nìkan ni ó ń bà jẹ́. Irin tó já láti ojú ọ̀run pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1920, àgbẹ̀ kan ń fi màlúù túlẹ̀ ní oko Hoba, lẹ́bàá ìlú Grootfontein, ní ilẹ̀ Nàmíbíà. Lójijì, irin ìtúlẹ̀ rẹ̀ kọ lu nǹkan, ó dúró. Nígbà tí wọ́n wa ibẹ̀, irin ńlá ni wọ́n bá. Ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 60,000. Ó ti já síbẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ìpẹtà sì yí i ká nínú ilẹ̀.

Kí ló ń fa ìpẹtà?

Omi àti afẹ́fẹ́ ni. Bí omi bá kan irin, tí afẹ́fẹ́ sì wà níbẹ̀, ojú irin náà á yí padà di ìpẹtà. Ìpẹtà máa ń wú, á là, á sì ṣí kúrò. Omi á tún kan irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Báyìí ni yóò ṣe máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Iyọ̀ ń mú kí ó yá sí i. Omi inú ilẹ̀ ń gbé iyọ̀ wọ inú ibi tí irin ọ̀run ti là. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń tọ́jú irú irin bẹ́ẹ̀ fi ń gbé e sí ibi gbígbẹ.

Òjò kò pọ̀ ní agbègbè Hoba. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí irin náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Níbi tí ilẹ̀ ti ń tutù nígbà gbogbo, ìpẹtà máa ń yára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni kí a ṣe?

1. Bí ẹ bá ti oko dé, ẹ fọ ọkọ́ àti àdá yín, kí ẹ sì nù wọ́n gbẹ.
2. Ẹ fi epo mọ́tò díẹ̀ pa irin wọn, kí omi má baà kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi pa ọ̀bẹ ìdáná.
3. Ẹ gbé wọn kọ́ sókè, níbi tí òjò kò dé. Ẹ má ṣe fi wọ́n sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù.
4. Ẹ má ṣe kó wọn ti àpò ajílẹ̀ òyìnbó. Iyọ̀ inú rẹ̀ ń jẹ irin.

Ọkọ́ tí a bá tọ́jú á pẹ́ lọ́wọ́ wa. Owó tí à bá fi ra òmíràn, a lè fi ra irúgbìn.